Wọ́n Pe Ayọ̀délé Lọ́sàn-án Gangan

Ní ìgbèríko Ikpinlè, kò sí ọmọ tí wọn ò kìlọ̀ fún. Bí oòrùn bá dúró sí àtàrí, tí òjìji ẹni kó sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, tí o gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ẹ, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu mọ́. Má dáhùn. Má tilẹ̀ wúkọ́. Ẹni tó bá jẹ́ "òo" ti bá ohun tó pè é lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kútọnu lè fi wá rẹ́rìn-ín, kò kàn mí. Ẹ wá dúró láàárín igbó ọ̀pẹ nígbà tí ewé kan ò mì, kí ẹ gbọ́ orúkọ ara yín, ká wá wo ẹ̀rín tí ẹ máa rín.

Ayọ̀délé ń gbọ́ tiẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ ẹ̀ ti kú, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí àwọn ẹyẹ dákẹ́, ohùn á dún láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀. "Ayọ̀délé! Ayọ̀délé o!" Ohùn náà wúwo, ó ń fà, bí ẹni tí wọ́n ki nǹkan bọ lẹ́nu. Ohùn Ẹfúnwùmí ni, ìyá ọkọ ẹ̀, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ọwọ́ Ayọ̀délé á dúró lórí agbada gàrí. Gàrí á máa jóná, òun á máa wo ẹnu ọ̀nà. Kò dáhùn rí. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dáhùn, òun á kú. Ẹ̀rù tún ń bà á pé torí pé òun ò dáhùn ni wọ́n ṣe ń pè.

Aláṣọ funfun sì ni o! Ọjọ́ Ìsinmi kan kì í kọjá kó má wọ sùtánà, kó bọ́ bàtà sílẹ̀, kó gba ọ̀nà ilé àdúrà lọ. Ó mọ Sáàmù lórí, ó mọ orin. Ó sì ń bẹ̀rù ohùn. Ẹ má bi mí bí méjèèjì ṣe ń gbé inú ènìyàn kan ṣoṣo. Ẹ bi ara yín.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí inú tó bí mi ju báyìí lọ.

Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun ní Tatonnonkon. Ọlọ́kadà, sẹ́mìjàn bí a ṣe ń pè é, wá gbé e bí àárọ̀ ṣe ń lọ. Ayọ̀délé fúnra ẹ̀ ló gbé àpò fún un, ló dì í mú tó fi gun alùpùpù. "Ìyá Jáànù, tọ́jú ọmọ mi o," ni ìyá wí, ó sì lọ. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn. Jeanne ni wọ́n kọ sínú ìwé ọmọ náà, ṣùgbọ́n Jáànù lẹnu gbogbo ilé, àtìgbà tí wọ́n sì ti bí Jáànù ni ìyá ọkọ kò ti pe orúkọ ìyàwó mọ́. Ó mọ iyì ìyá ọmọ. Kódà bí ìjà bá dé, "Ìyá Jáànù, o yájú" ni.

Kí alùpùpù tó rìn jìnnà, táyà bẹ́. Ẹni tó gbé e ní kí ìyá jókòó de òun kí òun wá ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Ta ló ń sọ fún Ẹfúnwùmí kó jókòó? Ó ní òun kì í ṣe ọjà tí kò rí ẹni rà, òun ò ní í jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ó gba ọ̀nà àbùjá, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú ọ̀pẹ wá sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, lábẹ́ irú oòrùn yẹn, pẹ̀lú irú ọjọ́ orí yẹn. Kò sẹ́ni nílé tó mọ̀ pé ó ń padà bọ̀. Ó ti ń rí òrùlé ilé lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí apá kan ara ẹ̀ kú mọ́ ọn lára, ló bá ṣubú.

Ayọ̀délé wà nínú àtíbàbà, ó ń yan gàrí. Nílé kejì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń bú ramúramù, débi pé bí ẹ bá pariwo sí i létí kò ní í gbọ́ yín. Nígbà tó yá, epo tán nínú ẹ̀rọ, ilẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Jáànù ti sùn lórí ẹní. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ.

"Ayọ̀délé!"

Ó gbórí sókè. Ohùn ìyá ọkọ òun ni, àmọ́ ìyá ọkọ òun wà ní Tatonnonkon. Ìyá ọkọ òun kì í sì í pe òun bẹ́ẹ̀. Ó wo òjìji òpó àtíbàbà, ó ti kó sídìí òpó. Ohùn náà wọ́, kò jọ ti ẹni tó wà láàyè. Ẹfúnwùmí fúnra ẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, pé, "Ìyàwó, nínú ọ̀pẹ wa yìí, bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́sàn-án, kódà kó jẹ́ ohùn tèmi, rí mi kí o tó dá mi lóhùn." Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé ọmọ ẹ̀ mọ́ àyà, ó ń ka Sáàmù sínú, kò jẹ́ kí ètè ẹ̀ mì. Wọ́n pè é, wọ́n tún pè é, ohùn náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dákẹ́ pátá, ó ní Ọlọ́run ṣeun. Bó ṣe ní Ọlọ́run ṣeun tán ló gbọ́ igbe Oyèkẹ́mi.

Oyèkẹ́mi ni ìyàwó Ògúntóyè, olórí ẹbí. Ó ń ti oko bọ̀, ọ̀nà inú ọ̀pẹ kan náà ló gbà. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi sáré débẹ̀, Ayọ̀délé náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, Ẹfúnwùmí ti dákẹ́. Oyèkẹ́mi káwọ́ lérí, ó ń fò sókè.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀! Ilé ló kọjú sí! Ayọ̀délé ló pè kó tó mí kanlẹ̀! Ó ti dárúkọ ẹni tó pa á o! Ẹ gbà mí o!"

Hẹ̀n. Ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé ọjà Adja-Ouèrè, ó sì ti gun alùpùpù dé Tatonnonkon. Wọ́n ní ẹni tó ń kú lọ máa ń rí ojú ẹni tó ń pa á. Wọ́n ní kí ló dé tí ìyá àgbà kò fi pè é ní Ìyá Jáànù bó ṣe máa ń pè é? Ó ti rí i pé àjẹ́ ni, wọ́n ní, kò fẹ́ fi orúkọ ọmọ dá a lọ́lá mọ́. Ẹ gbọ́ irú làákàyè burúkú bẹ́ẹ̀! Bí Ayọ̀délé bá lọ pọnmi, àwọn obìnrin á gbé korobá wọn kúrò. Àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ ẹ̀ á ní gàrí ṣì kù nílé. Ìyá kan fa ọmọ ẹ̀ lápá kúrò níwájú ẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ejò wà lójú ọ̀nà. Ó dùn ún wọ egungun.

Lọ́jọ́ tí ìyá kú gan-an, Ògúntóyè bi í pé, "Níbo lo wà?" Ẹkún ló ń sun ṣáá. Àwọn ènìyàn sì ní ẹkún ẹ̀ pàápàá jẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n parí ìsìnkú, Ògúntóyè ránṣẹ́ pé ẹbí máa pé jọ. Àgbàlagbà tí kì í pariwo ni, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní wọ́n á ki irin Ògún ilé bọ inú igbá omi, ìyàwó á mu ún níwájú gbogbo ènìyàn. Bí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá kọ̀ tí kò mu ún, kó di ẹrù ẹ̀, kó padà sílé bàbá ẹ̀.

"Jáànù ńkọ́?" ni Ayọ̀délé bi ẹni tí wọ́n rán.

Ẹni náà ń wolẹ̀. "Bàbá ní ọmọ ilé yìí ni Jáànù. Ilé yìí ló máa gbé."

Ìyẹn ló já a láyà. Ọmọ tí kì í sùn bí kò bá di etí ìyá ẹ̀ mú! Ní ti omi Ògún, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run kan ló ń sìn, kò ní í mu omi òmíràn láti fi bẹ̀bẹ̀ fún orí ara ẹ̀. Ó wá ku ẹnu ẹ̀ nìkan. Kí lẹnu ọ̀hún máa wí? Bó bá ní òun gbọ́, òun ò dáhùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ó dúró kó kú!" Irọ́ gbuu ni wọ́n pa mọ́ ọn, àmọ́ òótọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kò dára tó irọ́ tí ẹlòmíì lè pa.

Prisca ló mú irọ́ tó dára wá. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti kékeré ni, ọmọ Kátólíìkì, ọṣẹ àti ìpara ló ń tà ní Adja-Ouèrè. Ẹnu ẹ̀ mú, kì í gba ìrẹ́jẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mìjàn, ó jókòó sórí àpótí, kò tilẹ̀ gba omi mu.

"Gbọ́ mi. Ta ló rí ẹ nílé lọ́jọ́ yẹn kí igbe tó ta?"

"Kò sẹ́ni. Ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ kò yíjú síbí."

"Ó parí. Ṣọ́ọ̀bù mi lo wà. O wá ra ọṣẹ, a sọ̀rọ̀ títí, bí o ṣe ń wọlé ni igbe ta. Èmi máa sọ ọ́ níwájú wọn, màá sì máa wo ojú wọn. Ká wá wo ẹni tó máa pè mí lópùrọ́ nínú wọn!"

"Prisca, n ò wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ."

"Ta ló ní o wá?" Prisca fọwọ́ lu itan. "Àwọn tó parọ́ mọ́ ẹ, ṣé Olúwa ló rán wọn níṣẹ́? Irọ́ kékeré kan báyìí, ọmọ ẹ á wà lọ́wọ́ ẹ."

Kòkúmọ́, ọkọ Ayọ̀délé, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àwọn tí ìyá ẹ̀ bí ṣáájú ẹ̀ kò dúró, òun nìkan ló dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá náà ti kú, bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan kúrò nínú ẹ̀ ló ń rìn. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyàwó ẹ̀.

"Gbà á," ó ní. "Mo mọ̀ pé o ò pa ìyá mi. Bí gbogbo ayé bá ń wí i, mo mọ̀. Ìyá mi ti lọ. Má jẹ́ kí wọ́n gba ìwọ náà lọ́wọ́ mi. Jọ̀ọ́, gbà á."

Ayọ̀délé wo orí ọkọ ẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Kòkúmọ́ ni kò mọ̀ pé ó gbọ́ ohùn ìyá, tí kò dáhùn. Òun gan-an ni kò tíì sọ ọ́ fún. "Ẹ jẹ́ n rò ó," ló wí. Ó rò ó lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ n tàn yín pé kò rò ó. Ó tilẹ̀ ti ń wá irú ọṣẹ tó máa ní òun rà.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, wọ́n tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà sún mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Jáànù ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò yíjú. Ṣé òun nìkan ló ń gbọ́ ọ ni? Ó pa iná abẹ́ agbada, ó wọ sùtánà, ó pọn ọmọ, ó bọ́ sọ́nà.

Ó bá olùṣọ́ ìjọ wọn nílé àdúrà, bàbá arúgbó tó ń nu orí pẹpẹ. Ó kúnlẹ̀, ó sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ẹ̀rọ, òjìji òpó, ọwọ́ tó fi bo ẹnu, Ọlọ́run ṣeun tó wí. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fi aṣọ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé kí n gbàdúrà kí ohùn náà dákẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Màá gbà á. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ èyí fún. Àwọn tó ni òkú ni."

"Wọ́n á gba ọmọ mi, Bàbá!"

"Wọ́n lè gbà á," ni bàbá wí. Kò fi oyin sí i. "Wọ́n parọ́ mọ́ Jésù náà, ọmọ mi. Kò wá irọ́ tirẹ̀ fi gba ara rẹ̀. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè sọ fún ọ ju ìyẹn lọ." Ó tan àbẹ́là, ó gbé ọwọ́ lé e lórí àti ọmọ, ó gbàdúrà títí.

Inú bí Ayọ̀délé sí olùṣọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Ta ni inú kò ní í bí? Ó lọ gba ìtùnú, wọ́n di ẹrù lé e lórí. Ó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbóná, ó ń bá Ọlọ́run jà nínú, ó ní, "Ìwọ tí o mọ̀ pé n kì í ṣe àjẹ́, sọ ọ́ fún wọn! Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu mi ni?" Kò gbọ́ èsì kankan. Nígbà tó máa délé, ìbínú ti tán, ó ti mọ ohun tó máa sọ, ojora sì mú un débi pé kò lè jẹun.

Àárọ̀ ni ìpàdé náà, ní àgbàlá Ògúntóyè. Igbá omi wà nílẹ̀, irin wà nínú ẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí jókòó yí ká. Prisca ti dé, ó ti ró ìró tuntun, ó ti gbára dì bí ẹni tó fẹ́ lọ rí kọmísárì. Kòkúmọ́ gbé Jáànù sórí ẹsẹ̀. Ayọ̀délé wọ inú àgbàlá pẹ̀lú sùtánà ẹ̀, kò wọ bàtà. Oyèkẹ́mi pòṣé, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó," ni Ògúntóyè wí, "omi rèé."

Ayọ̀délé kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò ní í mu ún. Ọlọ́run tí mò ń sìn kò gbà fún mi. Mi ò fi yájú sí yín. Òótọ́ ni mo mú wá, òun nìkan ni mo ní."

Àgbàlá hó yèè. Ògúntóyè gbé ọwọ́ sókè.

"Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, sọ ọ́. Níbo lo wà nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń kú?"

Prisca ti dìde. "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀dọ̀ mi ni ó..."

"Prisca, jókòó," ni Ayọ̀délé wí. "Ọlọ́run á san án fún ẹ. Bàbá, mo wà nílé. Mo gbọ́ ìyá. Wọ́n ń pè mí, mi ò dáhùn."

Ayọ̀délé kò wo ẹnikẹ́ni àfi ilẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ibi tó burú. Ó ní òun rò pé ìyá wà ní Tatonnonkon. Ó ní ọ̀sán ti dúró, òun ò rí ẹni tó pe òun. Ó ní òun fọwọ́ bo ẹnu, òun sì ń dúpẹ́ nígbà tí ohùn dákẹ́. Ó ní, "Mi ò pa ìyá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn, mi ò lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ wọn." Nígbà náà ló gbójú sókè, ó sì rí ojú ọkọ ẹ̀. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Ògúntóyè bi í pé, "Ta ló kọ́ ẹ pé kí o má dáhùn?"

"Ìyá náà ni, Bàbá. Àwọn fúnra wọn."

Àwọn àgbà ń wolẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì kọ́ ọmọ ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ni, nínú àtíbàbà yẹn, lọ́sàn-án yẹn, ta ni ìbá jẹ́ "òo"? Ẹnìkan níkẹyìn wúkọ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n o mọ ohùn ìyá ọkọ ẹ, àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

"Orúkọ mi ni wọ́n ń pè, Bàbá. Ìyá kì í pe orúkọ mi. Ká ní 'Ìyá Jáànù' ni mo gbọ́, mi ò bá ti sáré lọ." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Mi ò bá ti sáré lọ!"

"Wọ́n pè é."

Ohùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò kọ́kọ́ mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Oyèkẹ́mi ni. Láti ìgbà tí Ayọ̀délé ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni kò ti pòṣé mọ́. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fún etí ìró ẹ̀ bí ẹni tó ń fún aṣọ tútù.

"Kí lo wí?" ni ọkọ ẹ̀ bi í.

"Wọ́n pè é. Ìyá Jáànù ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. 'Ìyá Jáànù o, ẹ gbà mí.' Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ń pariwo nígbà yẹn. Ohùn náà ò dáa létí mi. Mo sọ igi ìdáná tí mo rù kalẹ̀, mo sá sẹ́yìn ọ̀pẹ. Mo ní kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè. Kò rí ẹni dáhùn, ló bá yí i padà, ló ń pe orúkọ Ayọ̀délé. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ nígbà yẹn. Mo wà lẹ́yìn ọ̀pẹ. Mo wà níbẹ̀ títí mo fi rí ìborùn ẹ̀ nínú koríko, tí mo mọ̀ pé ènìyàn ni."

"O wá ní ó dárúkọ ẹni tó pa á," ni ọkọ ẹ̀ wí.

"Bí mi ò bá tètè pariwo, ẹ̀yin náà á bi mí pé ìgbà wo ni mo débẹ̀!" Ó bú sẹ́kún. "Èmi náà ń gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án. Orúkọ Ayọ̀délé ló ń pè, àmọ́ etí tèmi ló ń pè é sí. Mi ò lè sùn. Mo ní bí Ayọ̀délé bá ti kúrò nílé yìí, bóyá ohùn náà á tẹ̀ lé e lọ."

Kò sẹ́ni tó bú u. Ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù. Ògúntóyè dìde, ó yọ irin kúrò nínú igbá, ó nù ún, ó sì da omi nù sídìí ògiri. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ó wo Ayọ̀délé. Ó dà bí ẹni pé ó ti gbó sí i láti àárọ̀.

"Kò sí àjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀, èmi ló máa bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó, dìde nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹnìkan ló kú síbẹ̀ yẹn. Bí o bá máa gbé ilé yìí tàbí o ò ní í gbé e, èmi ò lè dá a. Ó dọwọ́ Kòkúmọ́."

Gbogbo ojú yí sí Kòkúmọ́. Ó gbé Jáànù sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dìde, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde. Kò wẹ̀yìn.

Prisca bá Ayọ̀délé délé. Ó bá a gbá àtíbàbà, ó wá ní, "O ṣe é báyìí, kí lo jẹ níbẹ̀? Wọ́n ní o kì í ṣe àjẹ́, ọkọ ẹ ò lè wo ojú ẹ." Ayọ̀délé ní òun mọ̀. Prisca fẹnu kan orí ẹ̀, ó gbé Jáànù lọ ra àkàrà fún un. Ayọ̀délé jókòó nínú àtíbàbà, kò dá iná. Kò di ẹrù, kò sì tú nǹkan kan. Kò mọ èyí tó yẹ kí òun ṣe. Bó bá jẹ́ pé ọkọ òun ní kí òun máa lọ, òun á lọ, òun á fi ọmọ sílẹ̀. Oòrùn ń gòkè. Ẹyẹ dákẹ́.

"Ayọ̀délé!"

Ara ẹ̀ le gbagidi. Ẹ̀yìnkùlé ni, níbi tí àwọn ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà há, ó wúwo, ó ń fà nílẹ̀. Ó yọjú, kò rí ẹnì kankan, àfi ọ̀pẹ àti oòrùn. Ọwọ́ ẹ̀ ti dé ẹnu ẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ayọ̀délé o!"

Ó ronú kan ilẹ̀ tí ìyá àgbà dùbúlẹ̀ sí. Ó ronú pé bó bá jẹ́ ìyá ni, tí wọ́n bá fẹ́ mú òun lọ, kí wọ́n mú òun lọ, àmọ́ wọn ò ní í tún pe òun lásán. Ó ní, "Jésù, má fi mí sílẹ̀." Ó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Òo!" Ohùn ẹ̀ ya. "Òo! Mò ń bọ̀ o! Mò ń bọ̀!"

Ó sáré. Sùtánà kọ́ igi ẹ̀gẹ́, ó ya, kò dúró. Ó wọ abẹ́ ọ̀pẹ, ó wọ inú koríko. Kòkúmọ́ ló rí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ìyá ẹ̀ ṣubú sí gan-an. Ẹkún ti gba ohùn lọ́rùn ẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n, ó wú.

"O gbọ́ mi," ó ní.

"Mo gbọ́."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn máa ń dé ọ̀hún láti ìhín."

Ó rọrùn láti ní kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Ó rí i lójú ẹ̀ pé ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ohun tí ìbá fi gbé e sùn lálẹ́. "Ó ń dé," ni Ayọ̀délé wí.

"Ti ìyá mi dé bí tèmi ṣe dé yìí?"

"Ó dé jù ú lọ."

Kòkúmọ́ fi orí lé orúnkún, ó sunkún bí ọmọdé. Ayọ̀délé dúró lórí ẹ̀, kò mọ ibi tí òun máa fọwọ́ sí. Kò fi kàn án. Oòrùn ń gba àárín imọ̀ ọ̀pẹ bọ́ sára wọn. Nígbà tó pẹ́, Kòkúmọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni nígbà tí o dáhùn?"

"Rárá. Mo rò pé ìyá ni."

Ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀: ẹsẹ̀ tí koríko ti ya, aṣọ funfun tó fà ya. Ó wò ó pẹ́. Ó wá sún díẹ̀ nínú koríko, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "Ìyá mi dá wà níbí lọ́jọ́ yẹn. Èmi ò fẹ́ dá wà."

Ayọ̀délé jókòó tì í.